Ọjọ́ tí Àǹtí Bánkẹ́ Gé Ọmọ Jẹ

Bí wọ́n bá ń ka àwọn tó mọ ọmọ ọlọ́mọ tọ́jú ní Ṣàgámù, Bánkẹ́ Oyèbọ̀dé kò ní gbẹ́yìn. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń wọkọ̀ láti Òde Rẹ́mọ wá sí ilé ìtọ́jú ọmọdé kan lẹ́yìn ọjà. Òun ló bẹ mádáàmù tó ni ibẹ̀ pé kí wọ́n gbé pàṣán kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ọmọ bá lu ẹnìkejì rẹ̀, Bánkẹ́ á kúnlẹ̀ kí ojú àwọn méjèèjì lè ṣe déédéé, á di ọwọ́ ọmọ náà mú jẹ́jẹ́, á ní, "Kí ló bí ẹ nínú? Sọ ọ́ fún mi." Àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà wò ó kọ́ṣẹ́.

Lóṣù kìíní ọdún yìí ni wọ́n mú Rasheedat wá, ọmọ ọdún mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ ń ta obì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti gé ọmọ márùn-ún jẹ. Kì í bú èèyàn, kì í pariwo. Eyín rẹ̀ nìkan ni wọn á rí lára ọmọ ẹlòmíràn. Bánkẹ́ ṣọ́ ọ títí ó fi rí i pé ìgbà tí wọ́n bá já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa ń ṣe é. Ó kọ́ ọ pé kó na àtẹ́lẹwọ́ síwájú, kó ní, "Ó tó." Ọmọ náà ti ń mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀ kan lóṣù kẹta tí òjò kò jẹ́ kí ọmọ kankan jáde ṣeré. Ẹnìkejì Bánkẹ́ kò wá síṣẹ́; ọmọ méjìdínlógún ló kù sí i lọ́rùn. Ibi tó ti ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí ọmọ jòjòló kan ni eyín Rasheedat ti wọ̀ ọ́ lápá. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti yí padà, ó ti ki ọrùn ọwọ́ Rasheedat bọ ẹnu, ó sì ti gé e jẹ. Kíkorò ìpara ọmọ náà lórí ahọ́n rẹ̀ ló là á lójú.

Eyín mẹ́fà hàn níbẹ̀ rekete. Bánkẹ́ ń retí igbe, ṣùgbọ́n Rasheedat kò ké. Ó wo Bánkẹ́ lójú, ó sì na apá kejì sí i.

Bánkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí mádáàmù yọjú, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn.

"Fi omi tútù pa á," ni mádáàmù wí. "Kí ìyá rẹ̀ tó dé, á ti pòórá."

"Èmi fúnra mi ni màá sọ fún wọn, mà."

Ní aago mẹ́rin, ìyá ọmọ dé. Bánkẹ́ kúnlẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ ó lè bí i lọ́mọ. "Ìyá Rasheedat, ẹ má bínú. Èmi ni mo gé ọmọ yín jẹ."

Obìnrin náà yẹ ọwọ́ ọmọ wò, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ dìde, Àǹtí. Ṣebí kó lè jáwọ́ ni. Èmi náà ń gé e nílé. Màá gé apá ọ̀tún, màá gé apá òsì, kó lè mọ bó ṣe ń dun èèyàn. Bí ìyá mi ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn."

Ó ká apá ẹ̀wù gígùn tí Rasheedat máa ń wọ̀ sókè. Ojú eyín ló wà níbẹ̀, tuntun lórí àtijọ́, láti ìgúnpá dé èjìká.

Láti oṣù kìíní ni Bánkẹ́ ti ń wo apá ẹ̀wù yẹn nínú ooru, kò bèèrè rí. Ta ni yóò fi ẹnu tó fi gé ọmọ jẹ bá ẹlòmíràn wí?

"Mi ò lè bá yín wí," ló sọ níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gé e, ó na apá kejì sí mi. Kò mọ̀ ọ́n sí ìyà mọ́. Ó rò pé bí àgbà ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nìyẹn, òun náà sì ń fi bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú ìyá náà. Ó fa apá ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ni kí n wá máa ṣe?" Bánkẹ́ ní kó máa kúnlẹ̀, kó di ọwọ́ ọmọ náà mú jẹ́jẹ́, kó bi í ohun tó bí i nínú.

Mádáàmù ní kí Bánkẹ́ lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó padà, bó bá ti kúnlẹ̀, ẹ̀yìn àga ni Rasheedat ń sá sí. Ìyá ọmọ ló yà á lẹ́nu jù. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Àǹtí, mo tún gé e lánàá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Mo ní kí n wá jẹ́wọ́."

Bánkẹ́ gba àpò ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un ní àga, àwọn méjèèjì sì jókòó sọ̀rọ̀.