Bọ́ọ̀lù Yíyí Fẹ́ẹ̀ Gba Owó Ìwé Lọ́wọ́ Verna Hruska

Lọ́jọ́ tí Verna Hruska já kọ́ọ̀sì méjì sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló fi ṣe é. Ọkọ rẹ̀, Ladislav, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà, orí rẹ̀ ò sì gba ìṣirò mọ́. Tó bá ṣí ìwé, ńṣe ni gbogbo lẹ́tà á máa sá káàkiri bí èèrà tí wọ́n da omi sí. Nítorí náà ó wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó yan kolache, búrẹ́dì kéékèèké aládùn kan, ó fi jáàmù èso sí i láàrin, ó gbé e lọ fún àwọn olùkọ́ méjèèjì, ó sì dágbére fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kó má ṣèyọnu. Wọ́n jẹ kolache. Verna padà sílé, ara tù ú díẹ̀, torí ó gbà pé òun ti yọ ara òun lọ́wọ́ F. Kò sí F kankan nínú èsì òun. Ibi tó mọ́ tónítóní lòun fi sílẹ̀.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni nígbà tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ọ̀hún, iṣẹ́ wẹ́dà ló sì lọ kọ́. Ladislav ló máa ń tún ẹ̀rọ oko ṣe fún gbogbo àdúgbò wọn ní Nebraska, Verna ló sì máa ń bá a di irin mú, tí á kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí iná má bàa fọ́ òun lójú. Lọ́jọ́ kan ló là á mọ́lẹ̀ pé ó ti sú òun láti máa wo ògiri, òun náà fẹ́ wo ojú iná yẹn. Ìjọba ń fún un ní owó ìrànwọ́ tó ń san owó ilé-ìwé rẹ̀. Láìsí owó yẹn, ohun tó ń gbà nílé ìdáná tí wọ́n ti ń dáná fún àwọn ọmọ iléèwé ò lè gbé e dé ẹnu géètì.

Nígbà tí sáà tuntun fẹ́ wọlé ni wọ́n ránṣẹ́ pè é ní ọ́fíìsì owó ìrànwọ́. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Rochelle Quillen. Ohùn rẹ̀ tutù débi pé tó bá sọ fún ẹ pé ilé ẹ ń jóná, wàá kọ́kọ́ dúpẹ́ ná.

"Mísíìsì Hruska, ẹ jókòó. Ṣé ẹ mọ ìdí tá a fi pè yín?"

"Bóyá torí kolache ni. Mo gbọ́ pé àwọn tíṣà ń ròyìn ẹ̀."

"Rárá o. Ìtẹ̀síwájú yín ló fà sẹ́yìn."

"Ìtẹ̀síwájú ta ni? Èmi tí mi ò ní F kan ṣoṣo?"

"Ẹ ò ní F lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ń gba owó ìjọba, kì í ṣe máàkì ẹ̀ nìkan là ń wò. Tó bá forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ parí méjì, ó kéré tán. Èyí tẹ́ ẹ já sílẹ̀, a ṣì ń kà á mọ́ èyí tẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ fún. Ibi tá a ti ń ka èyí tẹ́ ẹ parí ni kò ti sí."

Verna ronú díẹ̀. "Ìyẹn ni pé ká ní mo jókòó ti ìṣirò yẹn, tí mò ń hanrun, tí wọ́n sì fún mi ní D..."

"Wọn ì bá kà á pé ẹ parí ẹ̀."

"Èmi wá múra, mo dágbére, mo tún gbé oúnjẹ dání."

"Ìdágbére yẹn gan-an ló kó bá yín, Mísíìsì Hruska."

Ẹ̀rín bú mọ́ Verna lẹ́nu. Látìgbà tí wọ́n ti sin Ladislav, kò tíì rẹ́rìn-ín tó tú jáde bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí Rochelle fi gbé páálí ìnujú sún mọ́ ọn, kò sì pẹ́ tí Rochelle fúnra rẹ̀ fi fa ọ̀kan yọ.

Wọ́n jọ wá ọ̀nà sí i. Ikú ọkọ jẹ́ ohun tí òfin gbà pé ó lè dá èèyàn dúró, nítorí náà wọ́n gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fún un ní sáà kan láti fi dán ara rẹ̀ wò. Gbogbo kọ́ọ̀sì tó bá ti lè forúkọ sílẹ̀ fún ní sáà yẹn, ó gbọ́dọ̀ gba C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú wọn. Kò gbọ́dọ̀ já ìkankan sílẹ̀. Tí ọ̀kan bá bọ́, owó bọ́ nìyẹn, iṣẹ́ wẹ́dà sì parí síbẹ̀.

Ibi tí Alvina ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Alvina ni arábìnrin Ladislav. Òun àti Verna ni wọ́n jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà láti kékeré, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kórè àgbàdo lọ.

"Wo ọ̀rọ̀ tó ń pa ọ́ lẹ́kún," ló wí. "Tí wọ́n bá ní èyí tó o parí kéré, ṣebí kó o fi èyí tó rọrùn kún un ni. Wọ́n ní kọ́ọ̀sì bọ́ọ̀lù yíyí wà níbẹ̀. O ò níí ṣe ju kó o yí bọ́ọ̀lù wíwúwo lórí pákó dídán, kó lọ bi igi mẹ́wàá ṣubú. Àwọn ọ̀mùtí ń ṣe é lálaalẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n á tún máa mu bíà lọ́wọ́ kejì."

"Máàkì wà fún un?"

"Máàkì gidi. Ìjọba á kà á."

Verna fi orúkọ sílẹ̀ fún jíjó irin, ó fi sílẹ̀ fún kíka àwòrán irin, ó sì fi bọ́ọ̀lù yíyí lé e.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń yí bọ́ọ̀lù wà létí ọ̀nà márosẹ̀, lẹ́yìn ilé epo. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Kóòṣì Tietjen, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tó máa ń fi orúkọ ìdílé pe gbogbo èèyàn, ní kí oníkálukú ta eré kan kí òun mọ ibi tí wọ́n dé. Ìgbà mẹ́wàá ni eré kan, bọ́ọ̀lù méjì nígbà kọ̀ọ̀kan; iye igi tó bá ṣubú ni wọ́n ń kà, ẹni tó bá sì wó gbogbo igi á gba àlékún. Àánú àwọn ọmọ kíláàsì yẹn ṣe Verna. Àwọn ọ̀dọ́ tí eegun wọn le, tí bọ́ọ̀lù wọn kàn ń wọ gọ́tà ẹ̀gbẹ́ pákó ṣáá, láìkan igi kankan. Èyí tó ga bí òpó iná fi ojú méjèèjì wo igi, ó sì yí bọ́ọ̀lù sí gọ́tà tààrà. Verna ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì, ó ń fọwọ́ gbá wọn lẹ́yìn pé, "Má jẹ́ kó dùn ẹ́, ọmọ mi, á yé ẹ lọ́jọ́ kan."

Nígbà tó kan òun alára, ó gbé bọ́ọ̀lù, ó dijú, ó sì jù ú. Gbogbo igi wólẹ̀. Ó tún jù ú, wọ́n tún wólẹ̀. Nǹkan kan wọ apá rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn tí kò mọ ibi tó ti wá. Ó gba 131. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún un, Verna sì tẹrí ba fún wọn bí olórin.

Kóòṣì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Kú iṣẹ́, Hruska. Ó dáa, gbogbo yín ẹ gbọ́. Máàkì yín kì í ṣe ti bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n tó. Ti bí ẹ ṣe tẹ̀ síwájú tó ni. Lọ́jọ́ ìdánwò, ẹni tí kò bá ju iye tó gbà lónìí lọ, kò ní C."

Verna yíjú wo 131 tó wà lójú pátákó.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí Verna ti tù nínú lẹ́ẹ̀mejì rọra sọ sí i létí. "Mà, ó wà nínú ìwé tí wọ́n pín. Torí ẹ̀ la ṣe ń jù ú sí gọ́tà."

Lọ́jọ́ kejì, kí Rochelle tó bọ́ kóòtù rẹ̀, Verna ti wà níwájú tábìlì.

"Ṣé mo lè já bọ́ọ̀lù yíyí sílẹ̀?"

"Ẹ ò lè já nǹkan kan sílẹ̀."

"Kí n kàn rọra fi í sílẹ̀. Mi ò ní gbé kolache lọ."

"Mísíìsì Hruska."

"Ṣé mo lè dá 131 yẹn padà fún wọn? Kí wọ́n fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ."

Rochelle bo ẹnu rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. "Látìgbà tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ wá fi ẹjọ́ sùn pé ẹ ṣe dáadáa jù."

Bí sáà náà ṣe ń lọ, iṣẹ́ irin ń dùn mọ́ Verna lọ́wọ́. Ojú ibi tó bá ti jó irin pọ̀ máa ń dán, á sì tò gbọọrọ bí irun tí wọ́n dì. Ó ń gbé irin sínú báàgì kiri, ó ń fi han àwọn èèyàn nílé ìtajà bí ẹni ń fi fọ́tò ọmọ-ọmọ hàn. Bọ́ọ̀lù ló kọ̀ fún un. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ohun tó wọ apá rẹ̀ ti jáde, kò sì padà wá. Bí Kóòṣì ṣe ń kọ́ ọ ní ìdúró, ìgbésẹ̀ àti bí ọwọ́ á ṣe rìn, bẹ́ẹ̀ ni iye rẹ̀ ń já wálẹ̀. Ó gba 88. Ó gba 79. Àwọn ọmọ tó ti ń ju tiwọn sí gọ́tà ti di ọ̀gá, àwọn ni wọ́n wá ń gbá a lẹ́yìn pé á yé e lọ́jọ́ kan.

Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, Alvina á tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Alvina ò mọ bọ́ọ̀lù yí rárá, àmọ́ ìyẹn ò dí i lẹ́nu.

"O ń yí i bí ẹni ń sin àlejò lọ sílé," ló wí.

"Ìwọ lo ní kí n wá kọ́ ọ."

"Èmi ní kó o wá. Mi ò ní kó o kọ́kọ́ ṣe bí akọni. Ta ló rán ọ?" Ó tọ́ka sí ọmọ kékeré kan níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọmọ ọ̀hún ya ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé bọ́ọ̀lù sáàrin ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì tì í. Bọ́ọ̀lù ń lọ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń lọ tààrà. "Ṣe báyẹn."

"Lójú gbogbo ayé? Kí n ya ẹsẹ̀ bí adìyẹ tó fẹ́ yé?"

"Ẹyin yẹn lowó ìwé ẹ."

Verna kọ̀. Ó ní òun jẹ́ opó, òun sì ní iyì díẹ̀ tó ṣẹ́kù.

Ọjọ́ ìdánwò dé, yìnyín sì ti bo gbogbo ojú ọ̀nà. Eré mẹ́ta ni oníkálukú máa ta, èyí tó bá dára jù ni Kóòṣì á mú. Verna ta ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìgbésẹ̀ tó pé pérépéré, ó gba 97. Ó ta ìkejì, ó gba 104. Lẹ́yìn rẹ̀ lórí àga, Alvina ò sọ nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló sì ba Verna lẹ́rù.

Ó gbé bọ́ọ̀lù fún ẹ̀kẹta. Ó wo àwọn igi mẹ́wàá tí wọ́n tò sọ́hùn-ún. Ó rò ó wò: tí ẹ̀kẹta yìí bá tún bọ́, ògiri lòun á tún máa wò. Ó yíjú sí Kóòṣì.

"Kóòṣì, ṣé òfin sọ bí èèyàn ṣe gbọ́dọ̀ dúró?"

"Òfin ní kó o má kọjá ìlà, Hruska. Kò sọ̀rọ̀ ìdúró."

Ni Verna bá ya ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé bọ́ọ̀lù sáàrin, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì tì í. Bọ́ọ̀lù ọ̀hún ò kánjú rárá. Ó lọ bí ẹni tó ń yẹ ọjà wò. Nígbà tó débẹ̀, ó ti igi àkọ́kọ́, igi àkọ́kọ́ ti àwọn tó kù, mẹ́sàn-án sì dùbúlẹ̀. Àwọn ọmọ hó. Ó tún ṣe é. Tó bá ti tì í tán, á rìn padà, á jókòó, á mu omi, kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀hún. Gbogbo kíláàsì ti fi tiwọn sílẹ̀, wọ́n pé lé e lórí, wọ́n sì ń fi ara gbé bọ́ọ̀lù náà lọ, wọ́n á tẹ̀ sọ́tùn-ún, wọ́n á tẹ̀ sósì.

Nígbà tó ku ìgbà kan ṣoṣo, 124 ló wà lójú pátákó. Bọ́ọ̀lù méjì ló kù fún un, igi mẹ́jọ ló sì gbọ́dọ̀ ṣubú. Ó ti àkọ́kọ́, mẹ́fà lọ. Ó ku méjì kó pé.

"Ẹsẹ̀ ẹ ò yà tó," Alvina wí láti ẹ̀yìn.

Verna yà á sí i. Ó ti bọ́ọ̀lù ìkẹyìn, èyí sì lọ́ra débi pé Kóòṣì bọ́ síwájú, ó rò pé ó ti dúró. Kò dúró. Ó dé ibẹ̀, ó fara kan igi kan, ìyẹn sì lọ. Àpapọ̀ di 131, bó ṣe rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́. Kò kúrò lójú kan. Igi tó ṣubú yẹn wá yí gbirigbiri, ó fi ìdí kan èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn mì. Ó mì lọ, ó mì bọ̀, ó tún fẹ́ dúró, ó bí ara rẹ̀ léèrè bóyá ó yẹ. Alvina gbéra nílẹ̀, ó na ọwọ́ sí i, ó ní, "Sùn, ìwọ alákorí." Igi náà sùn.

Kóòṣì yọ gègé rẹ̀. "132. Ìtẹ̀síwájú ni. C ni, Hruska."

Kò sẹ́ni tó gba A rí láyé yìí tó ṣe bí Verna ṣe ṣe C ọ̀hún. Ó dì mọ́ Kóòṣì, ó dì mọ́ ẹni tó ń ta ànàmọ́ díndín, ó sáré jáde, ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó di ọ́fíìsì owó ìrànwọ́. Alvina ń pariwo nǹkan kan tẹ̀ lé e, kò gbọ́ ọ. Ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, ó sì fi ìdí fà wọlé dé iwájú tábìlì Rochelle.

"C," ló wí láti ilẹ̀.

Rochelle wo kọ̀ǹpútà. Irin, A. Àwòrán irin, B. Bọ́ọ̀lù, Kóòṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ ni. Ó tẹ nǹkan, ó dúró, ó tún tẹ nǹkan. "Owó yín ń bọ̀ ní sáà tó ń bọ̀, Mísíìsì Hruska. Ẹ lè lọ máa wo ojú iná yín."

Verna fò dìde nílẹ̀. Fóònù dún. Rochelle gbé e, ó gbọ́, ó sì rọra nà lórí tábìlì kó lè wo ẹsẹ̀ Verna. Bàtà pupa òun àwọ̀ búlúù ni, èyí tí gbọ̀ngàn bọ́ọ̀lù máa ń yá àwọn oníbàárà, nọ́ńbà ńlá sì wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàtà yín wà níbí," ló sọ sínú fóònù. "Obìnrin tó wà nínú ẹ̀ náà wà níbí. Ẹ ní sùúrù díẹ̀ fún un, ó ń jó lọ́wọ́."