Mo Pariwo Olè Lórí Jẹnẹrétọ̀ Ìjọ Wa

Ẹ̀yin ará, mi ò mọ ibi tí mo máa fojú sí lónìí.

Láàárọ̀, mo rí jẹnẹrétọ̀ ìjọ wa ní Mọníyà tí wọ́n ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ ìjọ wà lára rẹ̀ gàdàgbà! Inú bí mi. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Ẹrù olè ni! Ẹ má rà á!"

Ẹni tó fẹ́ rà á sá lọ.

Kò pẹ́ ni Bàbá Ìjọ pè mí. "Àwa la gbé e síbẹ̀. Ṣebí a fẹnu kò sí i nípàdé?"

"Bàbá, mi ò gbọ́ o."

"Ìwọ lo kín in lẹ́yìn!"

Tí ebi bá ti ń pa mí nípàdé, gbogbo ọ̀rọ̀ ni mo máa ń kín lẹ́yìn, ká lè tètè túká.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fẹ́ ra jẹnẹrétọ̀? Kì í ṣe ẹrù olè o. Èmi gan-an ni mo kín in lẹ́yìn.