Òrùlé Obalende Kò Jò

Ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira ni, nígbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ ń ṣe tíṣà ní iléèwé kan náà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. A wà nínú ẹgbẹ́ àríyànjiyàn kan tí kì í fẹ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sétí. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì bá yọ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á lu agogo fún un, gbogbo ilé á sì fi ṣẹ̀rín. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ẹgbẹ́ ológun tí Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba dá sílẹ̀ nítorí Rọ́ṣíà, tí wọ́n sì ti gba Tọ́kì tó bá Rọ́ṣíà pààlà mọ́ra, a ní láti wá orúkọ Yorùbá fún un. "Ìmùlẹ̀" la pè é. Ìbéèrè wa ni pé, ṣé ó yẹ kí àwọn tó mulẹ̀ gbé ìmùlẹ̀ wọn dé ẹnu ààlà ọ̀tá?

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo sọ fún wọn nílé.

"Ìmùlẹ̀ kọ́ nìyẹn," wọ́n ní. "Àwọn tó bá mulẹ̀, kí wọ́n má dalẹ̀ ara wọn ni wọ́n ń bẹ̀rù. Èyí tí ẹ̀ ń wí yìí, ará ìta ni wọ́n ń bẹ̀rù."

Apá "kò yẹ" ni wọ́n fún èmi àti ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ Àgùdà ni ọ̀rẹ́ mi, àwọn baba ńlá rẹ̀ ló ti Brasil dé. Ilé ìmàle ni tiwa, ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Bí a bá pa àgbò Iléyá, ọ̀dọ̀ wa ló ń jẹun. Bó bá di Kérésì, èmi náà á wà lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀rẹ́ ìmùlẹ̀ ni àwọn èèyàn ń pè wá, èmi ọ̀dọ̀yọ̀ sì gbà á gbọ́.

Àpẹẹrẹ tó bá ọ̀rọ̀ náà mu jù lọ wà nílé wa, àmọ́ kò ṣeé sọ níta. Ọ̀rẹ́ mi nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Ó pẹ́ tí bàbá mi àti bàbá ilé kejì ti ń jà lórí ògiri tó pààlà wa. Gbogbo ìgbà tí àwọn ará ibẹ̀ bá ń tún ògiri yẹn ṣe lẹ́yìn òjò, wọ́n á fi díẹ̀ wọ ilẹ̀ wa. Nígbà tó sú bàbá mi, wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn àbúrò ìyá mi ní Obalende, àwọn géńdé tó ń ru ẹrù ní èbúté, pé kí wọ́n wá máa gbé yàrá tó kan ògiri náà. Bàbá mi wá sọ fún bàbá ilé kejì pé òrùlé àwọn àna àwọn ní Obalende ló ń jò. Bàbá yẹn gbà, wọ́n tilẹ̀ gbé oúnjẹ wá kí àwọn àlejò. Àwọn àgbà méjèèjì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó pọ̀ lẹ́yìn ìrun alásárì. Orí irọ́ kékeré yẹn ni àlàáfíà ilé méjì dúró lé.

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni o," mo ní.

"Ṣé ẹlẹ́nu méjì lo pè mí ni?" ló fi dá mi lóhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí àríyànjiyàn náà wáyé, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ní ẹni tó bá kó ẹ̀ṣọ́ sídìí ògiri aládùúgbò lè sọ pé ẹ̀rù ló ń ba òun, àmọ́ aládùúgbò kì í rí ẹ̀rù yẹn, ẹ̀ṣọ́ ló ń rí, òun náà á sì lọ kó tirẹ̀ wá. Mo jókòó. Alága wá kéde pé ọ̀rẹ́ mi ti ní kí àwọn gbé òun lọ sí apá kejì, torí olùsọ̀rọ̀ wọn kò wá. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

"Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó," ló fi bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ ló sọ. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni lóòótọ́, àmọ́ ta ni kò mọ ilé tí àna ti Obalende wá dé sí? Ó ní: "Láti ọjọ́ tí àwọn géńdé yẹn ti dé, ṣé ògiri náà tún sún? Kò sún." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání, ìyẹn gan-an ló tún dùn mí. Àkọ́bí bàbá ilé kejì jókòó níwájú, kò pàtẹ́wọ́ ní tirẹ̀. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá ilé kejì dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n kọ̀ láti jókòó.

"Alájì," wọ́n ní, "mo gbọ́ pé òrùlé Obalende kò jò."

Wọ́n yí padà, wọ́n lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àwọn ìbátan ìyàwó wọn ti kó ẹní dé láti Ìkòròdú, wọ́n sì gba yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lọ́hùn-ún. Bàbá mi kò jókòó síta mọ́.

"Ta lo sọ fún?" wọ́n bi mí. Mo sọ ọ́. Wọ́n mi orí.

"Nílé yìí ló ti ń jẹun," wọ́n ní.

Ọ̀rẹ́ mi wá sílé lẹ́yìn ìyẹn, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn yàrá mi. Ó ní àríyànjiyàn lásán ni, pé kí n má gbé e karí.

"Ṣebí bàbá yẹn náà ti kó tirẹ̀ wá báyìí," ó ní, "bí o ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ìwọ lo jàre. Màá sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́."

Mo dìde, mo ṣílẹ̀kùn fún un.

"Ẹ ṣé o," mo ní. "Ẹ máa lọ."

Láti kékeré tí a ti ń ṣọ̀rẹ́, n kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí. Ó dúró, ó wò mí lójú, ó sì rí i pé mi ò ṣàwàdà.