Alhaji Onílé Orí Táyà

Papalanto ni ìtàn Alhaji Sàlàhúdíìnì tí gbogbo Aké mọ̀ jù lọ ti ṣẹlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti kírun àsùbáà tán lẹ́bàá títì níbi tó gúnlẹ̀ sí, ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, ó sì padà sórí bẹ́ẹ̀dì tó gbé sínú ọkọ̀ náà. Nígbà tó máa fi lajú, èèyàn méje ló jókòó tì í lẹ́sẹ̀. Obìnrin kan gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ lé orí tábìlì ìjẹun. Bàbá kan ti fi ọ̀kan nínú ìrọ̀rí rẹ̀ tì sẹ́yìn.

Obìnrin ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ náà fọwọ́ tọ́ ọ lẹ́sẹ̀. "Dírẹ́bà, ọkọ̀ ti kún. Ẹ dìde ká máa lọ Abẹ́òkúta."

Ẹlòmíì ì bá pariwo olè. Alhaji dìde jókòó, ó wá fìlà rẹ̀, ó dé e, ó wá wo ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Inú ilé lẹ wà o," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà."

Wọ́n bọ́ ọ. Ó tan sítóófù, ó din ẹyin, ó po tíì fún gbogbo wọn. Obìnrin ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ń ké pé ọjà á ti tú kóun tó débẹ̀, Alhaji ní kò sí àlejò tó máa fi ebi jáde nílé òun. Nígbà tí wọ́n dé Aké, obìnrin náà tú owó ọkọ̀ jáde nínú ìdí aṣọ. Ìgbà yẹn gan-an ni inú wá bí Alhaji. "Ṣé ẹ máa ń sanwó bẹ́ ẹ bá kí èèyàn nílé ni?" Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n ní bí obìnrin náà bá dúró ní Papalanto tí ọkọ̀ bá ti dé, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bi dírẹ́bà ni pé, "Ṣé ẹyin wà níbẹ̀?"

Kùdírátù, ìyàwó rẹ̀, ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́kadà kí Alhaji tó wọlé. Ojú tì í débi pé kò lè jáde lọ ra ata.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe wèrè o. Ilẹ̀kùn ló ń tà ní Aké fún ọgbọ̀n ọdún, ilẹ̀kùn onígi, ilẹ̀kùn onírin, àwọn èèyàn ńlá sì ń wọlé gba ọ̀kan tó tà. Ràhámátù, ọmọ wọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ báǹkì l'Ékòó láràárọ̀, ló fa ọ̀rọ̀ náà. Ó fi fídíò kan hàn án lórí fóònù, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń gbé inú ọkọ̀ rìnrìn àjò, tí wọ́n ń sè, tí wọ́n ń sùn, tí wọ́n ń jí létí omi. Alhaji gba fóònù láti wò ó dáadáa. Ọjọ́ kejì ni Ràhámátù tó rí i gbà padà.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó ra bọ́ọ̀sì àlòkù tí ilé ìwé kan ti pa tì. Òun àti Mùtíù ajórin fi oṣù méje ṣe é. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì sí i, wọ́n gbé sítóófù sí i, wọ́n de dúrọ́ọ̀mù omi mọ́ òrùlé, wọ́n ṣe ilé ìgbẹ́ kékeré sẹ́yìn. Bó sì ti jẹ́ pé ilẹ̀kùn niṣẹ́ rẹ̀, ó yọ ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì dànù, ó fi ojúlówó ilẹ̀kùn onígi rọ́pò rẹ̀, ó fi aago tí àlejò máa ń tẹ̀ sí i lára.

"Ìyá Ràhámà, wá tẹ̀ ẹ́ wò," ó ní.

Kùdírátù ò sún. "Yàrá mẹ́fà ló wà nílé tí mò ń gbé. Kí ni mo fẹ́ lọ wá nínú ọkọ̀?"

"Afẹ́fẹ́."

"Fáànù wà nílé, Alhaji."

Bó ṣe di pé ó ń dá lọ nìyẹn, ní gbogbo Sátidé, fún odidi ọdún méjì. Kò lọ jìnnà: Ìtòrí, Papalanto, Wásinmi. Ṣùgbọ́n bó bá dé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á pé jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù, á máa ròyìn bí ẹni tó ti Mẹ́kà dé.

"Ẹyẹ ìlú Wásinmi," á ní, "ohùn wọn yàtọ̀."

"Alhaji, Wásinmi ò tó wákàtí kan síbí!"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sáré kọjá ni. Èmi fi ọjọ́ méjì débẹ̀."

Nígbà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ aṣọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó dá a dúró lójú ọ̀nà. Ó yí bọ́ọ̀sì náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ilẹ̀kùn onígi, orí rẹ̀ dàrú.

"Alhaji, ṣé ilé nìyí àbí ọkọ̀?"

"Bó o bá fẹ́ kí n máa lọ, ọkọ̀ ni, kúrò lọ́nà. Bó o bá fẹ́ wọlé wò ó, ilé ni, tẹ aago."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ronú sí i, ó tẹ aago. Alhaji tó dúró sí ọwọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gba ojú fèrèsé wò ó, ó wá dáhùn pé, "Ta ni o?"

Lẹ́yìn náà ni àrùn ẹ̀jẹ̀ ríru mú un. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ dá wakọ̀ lọ síbì kankan mọ́. Alhaji ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, èyí tó kọ́kọ́ dẹ́rù ba Kùdírátù. Láràárọ̀, á lọ jókòó sínú bọ́ọ̀sì nínú ọgbà ilé, á kọjú sí ògiri aládùúgbò wọn. Fún oṣù kan gbáko, Kùdírátù ń gba ojú fèrèsé ilé ìdáná wò ó. Ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó palẹ̀ aṣọ mẹ́ta àti ìkòkò kan mọ́, ó rìn lọ sídìí bọ́ọ̀sì, ó tẹ aago.

Lọ́jọ́ yẹn, Alhaji ò béèrè ẹni tó jẹ́.

Wásinmi ni wọ́n lọ. Ó gúnlẹ̀ sórí òkè kékeré kan, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ tẹ́ ẹní sábẹ́ igi. Nínú ìdùnnú, ó gbàgbé láti fa búréèkì ọwọ́. Kùdírátù ń ro ọbẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó rí i pé igi ń rìn kọjá lójú fèrèsé.

Alhaji ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, ó ká agbádá lọ́wọ́. "Kùdí! Tẹ búréèkì!"

"Èwo ni búréèkì?"

Bọ́ọ̀sì náà rọra sọ̀ kalẹ̀, ó wọnú oko ẹ̀gẹ́, ó dúró. Ọbẹ̀ ò dànù. Kò pẹ́ tí bàbá àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ògúnrìndé yọ pẹ̀lú àdá. Ó rí òrùlé, ó rí fèrèsé, ó rí ilẹ̀kùn onígi láàárín ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

"Ta ló kọ́lé sórí ilẹ̀ mi?" ó figbe ta. "Àná yìí ni mo kúrò níbí!"

Alhaji ṣì ń mí hẹlẹ lẹ́yìn bọ́ọ̀sì. Kùdírátù ló ṣílẹ̀kùn, ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ilé ọkọ mi ni, Bàbá. Ẹ má bínú sí wa. Ẹ wọlé, ẹ bọ́ bàtà yín."

Ògúnrìndé bọ́ bàtà. Ó jẹun, ó tún bu sí i. Òjò ńlá rọ̀ nírọ̀lẹ́, ẹrẹ̀ gbé bọ́ọ̀sì mì dé ìdajì táyà. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wà láàárín oko. Ògúnrìndé ń gbé àgbàdo sísun wá, Alhaji ń bá a hú ẹ̀gẹ́ tí ọkọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀, Kùdírátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹyẹ Wásinmi náà ń ké. Lóòótọ́, ohùn wọn yàtọ̀. Nígbà tí katakata tó máa fà wọ́n jáde dé, Kùdírátù fa ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Alhaji, ṣé ẹ ò lè bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n padà wá lọ́la?"

Ọjọ́ ọyẹ́ kan lọ́dún tó kọjá ni Alhaji kú, wọ́ọ́rọ́wọ́, lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní Aké. Nígbà fìdáù, bí àwọn ọ̀rẹ́ ṣe ń ṣàdúrà tán ni wọ́n ń sọ̀tàn rẹ̀, ẹ̀rín sì pọ̀ ju ẹkún lọ. Ọkùnrin kan wá bẹ Kùdírátù pé kó ta bọ́ọ̀sì fóun, òun á tú bẹ́ẹ̀dì dànù, òun á máa fi kó sìmẹ́ǹtì. Kùdírátù bu omi tútù fún un mu, ó sì sìn ín dé ìta.

Lóṣù tó kọjá, ó ní kí Ràhámátù gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n wa bọ́ọ̀sì náà lọ sí etí adágún omi Ọ̀yán. Ràhámátù gúnlẹ̀. Kùdírátù sọ̀ kalẹ̀, ó wò ó, ó mi orí.

"Yí i padà. Omi gbọ́dọ̀ kọjú sí fèrèsé bẹ́ẹ̀dì."

Ràhámátù yí i. Kò tẹ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó yí i lẹ́ẹ̀kẹta, títí ó fi pa ẹ́ńjìnnì, tó sì gbé orí lé sítiárìn.

"Màámi, ẹ ti wá dà bí Dádì gan-an."

Ẹ̀rín pa Kùdírátù. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti di ara bọ́ọ̀sì mú, ó wá fi etí ìborùn nu ojú, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó nù ún tán. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó gun orí bẹ́ẹ̀dì, ó sún mọ́ ògiri, ó fi ìdajì sílẹ̀ fún Alhaji bó ṣe máa ń ṣe, ó wá ń wo àwọn apẹja tó ń tukọ̀ kọjá lọ lójú omi.