Okùn Gìtá Tí Mo Rà ní Mákùn

Títí tí ìyá mi fi kú ni wọ́n ń bá mi jà lórí ìkòkò kan. Inú rẹ̀ ni mo ti máa ń se okùn gìtá béèsì mi. Ní nǹkan bí ọdún 1983, ìjọba ti fòfin de ọ̀pọ̀ ọjà òkèèrè, irú wa ò sì rí okùn tuntun rà mọ́, ì báà jẹ́ ní Ṣàgámù tàbí ní Èkó. Bí okùn bá ti gbó tí ohùn rẹ̀ kú, a ó tú u, a ó sè é nínú omi ọṣẹ kí òógùn ọwọ́ àti ìdọ̀tí jáde lára rẹ̀, a ó sá a sóòrùn, á tún jí fún ìgbà díẹ̀. Ìyá mi á yọjú wo inú ìkòkò, wọ́n á ní ṣé kí àwọn tẹ ẹ̀bà sí i ni.

Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Ìkẹ́nnẹ́ ni mo ń bá ta gìtá náà. Nígbà tí ìkórè ku díẹ̀, okùn mi kọ̀ jálẹ̀, kò jí mọ́, bó ti wù kí n sè é tó. Ìgbà náà ni ẹnìkan sọ fún mi pé ìyàwó onígìtá kan ní Mákùn ń ta okùn tí ọkọ rẹ̀ ti rà sílẹ̀ tipẹ́, tí kò lò rí. Mo mọ ọkùnrin náà dáadáa. Ẹ̀yìn fèrèsé ibi tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣeré ni mo máa ń dúró sí, títa rẹ̀ ni mo fi kọ́ tèmi. Mo rò pé ó ti kú. Ní tiwa, ẹrù ọkùnrin kì í jáde nílé àfi tí ẹbí bá ti jókòó pín in. Kí ni mo tún fẹ́ rò? Mo wá aṣọ tó bá ọ̀fọ̀ mu wọ̀, mo forí lé Mákùn.

Mo bá obìnrin náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, mà. Ọlọ́run á tù yín nínú.”

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Kó tó sọ̀rọ̀, ohùn kan jáde láti inú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

“Lèsí kú?”

Ohùn ọkọ rẹ̀ ló ń bèèrè ẹni tó kú. Ó ní kí n wọlé. Orí bẹ́ẹ̀dì ló jókòó sí, ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé ìrọ̀rí. Rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá ibẹ̀, ọwọ́ tó fi ń tẹ okùn.

“Kí ló jẹ́ kó o rò pé mo ti kú?”

Mi ò rí irọ́ kankan pa. “Mo gbọ́ pé wọ́n ń ta okùn yín ni, sà.”

Ìyàwó rẹ̀ ti wọlé tẹ̀lé mi. Ọkùnrin náà yíjú sí i, ó bi í jẹ́ẹ́, “Ṣé wọ́n ti pín ẹrù mi ni?”

“Mò ń tà á,” ni obìnrin náà wí. “Gbogbo ẹni tó bá wọlé yìí ló ń sọ pé ọwọ́ yín máa padà ta gìtá. Pásítọ̀ sọ ọ́, àbúrò yín sọ ọ́. Èmi ni mò ń wẹ ọwọ́ náà láràárọ̀. Kò mọ omi gbígbóná yàtọ̀ sí tútù. Kò lè ta gìtá mọ́.” Ó sọ ọ́ tán, ó bú sẹ́kún.

Ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Mo ní mi ò rà á mọ́. Ọkùnrin náà ní kí n jókòó. Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ kó okùn náà wá, ó fi ọwọ́ ọ̀tún àti eyín tú bébà rẹ̀. Epo ṣì wà lára wọn, kò sí ìpẹtà kankan. Ó fa èyí tó nípọn jù gba àárín ìka rẹ̀ kọjá.

“Èyí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ so lọ́jọ́ tí mo bá dìde,” ló wí. Ó nà án sí mi. “Kó wọn lọ. Má sè wọ́n o.”

Mo san owó fún ìyàwó rẹ̀, mi ò lè wo ojú ẹnì kankan nínú wọn.

Lọ́jọ́ ìkórè, béèsì mi dún débi pé àwọn ìyá ìjọ ń yíjú wo ẹ̀yìn. Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ẹni tó bá ṣe wá lóore lánàá, a máa ń jí lọ kí i pé ẹ kú àná. Mo padà sí Mákùn láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìkórè, nítorí ọjọ́ ìkórè ni okùn rẹ̀ ṣe mí lóore. Obìnrin náà pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

“Wọ́n ní kí n sọ pé àwọn ń sùn,” ló wí.

Mò ń gbọ́ ikọ́ ọkọ rẹ̀ nínú yàrá. Mo dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, mo gbé ohùn mi sókè. “Ẹ bá mi kí wọn, mà. Ẹ sọ fún wọn pé ó dún.”

Ikọ́ náà dáwọ́ dúró. Obìnrin náà ò kúrò lójú kan, èmi náà ò dìde. A jọ ń retí pé á sọ̀rọ̀. Kò sọ nǹkan kan.