Òwìwí Àjà Ṣọ́ọ̀ṣì Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ká tí mo ń fi àlàfo rẹ̀ súfèé, òwìwí kan wá yé ẹyin, ó sì pamọ sí àjà ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà wa ní Olódò. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máa rẹ́rìn-ín. Láyé ìgbà náà, ẹyẹ àjẹ́ ni gbogbo wa ń pè é.

Ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ lásán la fi ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan tẹ nǹkan dúdú roboto mọ́lẹ̀, ó fọ́, irun àti egungun wẹ́wẹ́ tú jáde. Ìyá figbe ta! Wọ́n ní oúnjẹ tí àjẹ́ jẹ kù ni. Bàbá ìjọ kéde ààwẹ̀, wọ́n ní tí a bá ṣínu ní Sátidé, kí àwọn ọkùnrin gòkè àjà lọ pa òwìwí náà, ìyá àtọmọ.

Ìyá mi, tí ìsọ̀ àgbàdo wọn fara ti ṣọ́ọ̀ṣì, náà gbààwẹ̀. Ebi wá jẹ́ kí ẹnu wọn tún mú sí i. Ibẹ̀ ni mo ti jogún tèmi.

Àwọn ọ̀dọ́ akọrin tí wọ́n ń lọ ilé ìwé Módà lẹ́yìn ìwé mẹ́fà ni kò gbà. Tí wọ́n bá ti ilé ìwé dé, wọ́n á nà gbalaja sílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á kọjú sájà bí ẹni tó ń ríran. Wọ́n á ṣa àwọn nǹkan dúdú yẹn, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n á wá fi ìgbálẹ̀ yọ egungun rẹ̀ sórí àwo. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára wọn. Ó fi eyín gígùn kan hàn mí.

"Ẹnu ta lo ti rí irú eyín yìí?"

"Èkúté ni!"

Èkúté ni gbogbo rẹ̀. Òwìwí á gbé e mì, á wá pọ èyí tí inú rẹ̀ ò lè lọ̀.

Sátidé dé, wọ́n ti gbé àkàsọ̀ ti ògiri, ọkùnrin kan ti ń gùn ún lọ, mo ń sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àwo náà, ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá ìjọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Aṣọ funfun ló wọ̀, kì í wọ bàtà, òru ló fi ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ìjọ wa mà ni!"

Bàbá fẹ́ kanra, ẹ̀rín pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ọkùnrin orí àkàsọ̀ ò sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà náà ni ìyá mi tẹjú mọ́ àwọn eyín inú àwo.

"Ẹ dúró ná! Abájọ tí èkúté ò fi gé àpò àgbàdo mi láti ìgbà òjò. Ìwọ tó o wà lókè yẹn, tó o bá pa ẹyẹ yìí, ìwọ lo máa máa wá bá mi ṣọ́ ìsọ̀ o!"

Kíá lọkùnrin náà sọ̀. Àwọn ọmọ òwìwí náà dàgbà, wọ́n fò lọ lójú wa.

Lónìí, wọ́n ti fi sílíìnì dí àjà ṣọ́ọ̀ṣì náà pa, orí fóònù làwọn ọmọ-ọmọ mi ti mọ òwìwí. Èmi ń ra májèlé, èkúté ń jẹ ẹ́, wọ́n ń sanra. Irú àwọn akọrin yẹn wù mí í rí, àwọn tó máa dùbúlẹ̀ wo nǹkan dáadáa kí wọ́n tó ní kí wọ́n pa á. Ní tèmi, mo ti ṣí fèrèsé òkè ìsọ̀ àgbàdo tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Òwìwí tó bá ń wá ilé, ẹ ní kó máa bọ̀. N ò ní gbowó ilé.