Orí Ìwé Tí Mo Fò

Yàrá tí bàbá ọkọ mi dùbúlẹ̀ sí ní Arákálẹ̀, ní Àkúrẹ́, ń rùn bí ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Káfíńtà ni bàbá, ọmọ Oǹdó tó ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ kan ilẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì fún àwọn ará Àkúrẹ́. Òórùn pákó ti wọ ara ògiri ilé náà débi pé nígbà tí àìsàn gba ayùn lọ́wọ́ rẹ̀, tí ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ wà ní títì, òórùn náà ò lọ, ó kàn dà pọ̀ mọ́ ti oògùn ni. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, oòrùn á gba inú kọ́tìnnì wọlé, á wá dà bí ẹni pé inú oyin la jókòó sí.

Tíṣà lítíréṣọ̀ ni mí nígbà náà, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé. Nǹkan le. Owó oṣù ń pẹ́ kó tó dé, ọkọ mi sì ti bá iṣẹ́ lọ sọ́nà jíjìn, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé. Èmi ni mo máa ń jókòó ti bàbá ní ìrọ̀lẹ́ tí ìyá ọkọ mi bá lọ sọ́jà. Dókítà ti sọ fún ọkọ mi pé jẹjẹrẹ inú tó ń ṣe bàbá ti kọjá ohun tí wọ́n lè fi abẹ ṣe. A ò sọ fún bàbá. "Ó máa san" ni gbogbo wa ń sọ, à ń sọ ọ́ bí ẹni ń kíni káàárọ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi, mo mú ìwé ìtàn àtijọ́ kan tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi wá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, bàbá ò sì gbọ́ ọ, nítorí náà mò ń fi ojú ka Gẹ̀ẹ́sì, mò ń fi ẹnu sọ Yorùbá. Ìtàn atukọ̀ kan ni, tó ń gbé èrò sọdá odò ní ìlú òyìnbó kan tó tutù. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀. Ó bi mí léèrè irú igi tí wọ́n fi kan ọkọ̀ náà. Mo ní ìwé ò sọ. Ó ní kò burú, òun á bá a wá igi. Nígbà mìíràn á sùn lọ láàárín ọ̀rọ̀, á jí, á sì máa bá ìtàn náà lọ láti ibi tí èmi ò tíì kà dé, á máa sọ nípa àwọn èrò tó ń ké sí ọkọ̀ láti òdìkejì omi. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ àlá níbẹ̀ mọ́, mi ò sì bi í.

Mo mọ̀ pé atukọ̀ náà máa ṣàìsàn nígbẹ̀yìn. Kí n má parọ́, mo ti rò pé a ò ní kà á débẹ̀.

A kà á débẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣú, mo ṣí orí ìwé tí atukọ̀ náà ti gbọ́ pé òun ò ní pẹ́ kú. Mo fò ó. Mo fi ẹnu ara mi sọ pé wọ́n fún un lóògùn, ara rẹ̀ yá, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Bàbá yíjú sí mi.

"Ìyàwó, ojú rẹ ò sí lórí ìwé."

"Bàbá?"

"Bí o bá ń kàwé, ojú rẹ máa ń lọ, á tún bọ̀, bí ayùn. Lónìí, fèrèsé lò ń wò. Ṣé ọkùnrin yẹn kú ni?"

Mi ò lè parọ́ lẹ́ẹ̀kejì. "Ó kú, Bàbá."

"Kà á fún mi."

Òjò ti ń rọ̀ sórí páànù, mo sún àga mi mọ́ etí rẹ̀. Mo ka bí atukọ̀ náà ṣe kun ọkọ̀ rẹ̀ lọ́dà, bó ṣe fa àjẹ̀ lé aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́, bó ṣe ní kí wọ́n ṣí fèrèsé kí òun lè máa gbọ́ ìró omi. Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi kọ́ ọmọ ní orí ìwé yẹn. Mo ti fi ṣe ìbéèrè ìdánwò, mo ti fi bírò pupa fagi lé ìdáhùn àwọn ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ yẹn, ó dà bí ẹni pé n kò kà á rí.

"Ṣé ẹ̀rù bà á?" ni bàbá bi mí.

"Ó bà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń gbọ̀n."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Mo rò pé èmi nìkan ni."

Ó wá sọ fún mi pé ó ti pẹ́ tí òun ti mọ̀, pé bí òun bá ti fẹ́ lanu sọ ọ́, a ó ti ní ó máa san. Ó ní, "Oǹdó ni mo fẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí n délé bàbá mi nígbà tí mo ṣì lè rí ọ̀nà."

Nígbà tí ọkọ mi dé lọ́jọ́ Sátidé, inú kọ́kọ́ bí i sí mi. "Ta ló ní kí o sọ fún un?" Mo ní bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Ó wọlé tọ bàbá lọ, ó pẹ́ níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n nígbà tó jáde. Lọ́jọ́ kejì a gba mọ́tò. Ìkùukùu bo ọ̀nà, àwọn igi kòkó ń yọ síta lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún ń wọlé padà. Bàbá gbórí lé itan ìyá, ó ń rán an létí bí òun ṣe wá tọrọ rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, tí bàbá ìyá ní kí òun kọ́kọ́ tún àga tó kán ṣe. Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀ lọ tó lò ní Oǹdó. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló fi gbà fún ikú. Ó sunkún lọ́jọ́ míì, ó sì bínú sí wa lọ́jọ́ míì. Ṣùgbọ́n ó pín irinṣẹ́ rẹ̀, ó sọ ibi tí òun fẹ́ kí a sin òun sí, ìyá sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú láàárọ̀ ọjọ́ tó lọ.

Mo ṣì ń kọ́ ọmọ ní ìwé náà. Bí a bá dé orí yẹn, ọmọ kan máa ń béèrè pé kí ló dé tí òǹkọ̀wé ò jẹ́ kí ara atukọ̀ yá. Mo máa ń ní ìdáhùn tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, bàbá ọkọ mi ni mo máa ń rántí. Ẹni tó kọ ìwé náà ò gbọ́ orúkọ Àkúrẹ́ rí, ó sì ti kú kí wọ́n tó bí bàbá. Síbẹ̀, nínú gbogbo àwa tí a jókòó yí bẹ́ẹ̀dì yẹn ká, òun ló kọ́kọ́ bá a sọ òótọ́.